Wèrèpè Inú Ọgbà Ààfin

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kò tíì kúrò lẹ́nu géètì tí Hàlímàt ti yí ojú sí fèrèsé, tó kẹ̀yìn sí Ọmọ́yẹni tó jókòó tì í. Kì í ṣe òun ló yan ìjókòó náà. Tíṣà Oyètúndé, tó ń kọ́ wọn ní ìtàn, ló ní kó jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá sì bá Tíṣà Oyètúndé jiyàn láàárọ̀ yóò gbọ́ ìwàásù títí di ọ̀sán. Ọyẹ́ ń fẹ́. Eruku ti bo ojú ọ̀nà Ọ̀fà, àwọn ọlọ́kadà fi aṣọ di imú bí ẹni tó fẹ́ lọ digun jalè. Inú gbogbo ọmọ kíláàsì ń dùn pé ààfin ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà, àfi ti Hàlímàt nìkan.

"Hàlímàt," Ọmọ́yẹni pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ká tó débẹ̀."

"Fóònù ẹ ni kó o bá sọ ọ́."

"Jọ̀ọ́, gbọ́ mi ná."

"Ìgbà tó yẹ kó o sọ̀rọ̀, ṣebí ṣe lo panu mọ́? Máa pa á mọ́ lọ."

Ọmọ́yẹni gbé ojú sílẹ̀. Bí Hàlímàt ṣe rí i pé ojú náà bà jẹ́, ara tù ú díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ta omi tútù síni lẹ́sẹ̀ nínú oòrùn.

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ rí. Lókà kan náà ni wọ́n jọ ń lò, Hàlímàt ló sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, Ọmọ́yẹni gba kọ́kọ́rọ́ náà pé òun fẹ́ mú rúlà, ó sì dá a padà. Nígbà tí gbogbo yàrá ìdánwò dákẹ́ rọ́rọ́, fóònù dún nínú lókà. Ilé-ìwé wọn kò fẹ́ẹ́ rí fóònù sójú rárá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọjọ́ ìdánwò. Hàlímàt mọ fóònù náà dáadáa. Àǹtí Ọmọ́yẹni tó ń gbé Ìlọrin ló fún un, wọ́n sì ti jọ fi ya fọ́tò láìmọye ìgbà.

Olùdarí ìdánwò béèrè ẹni tó ni ín. Hàlímàt wo Ọmọ́yẹni, ó ń retí kó sọ̀rọ̀. Ọmọ́yẹni wo ilẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tí Hàlímàt fi máa la ẹnu pé ọ̀rẹ́ òun ló ni ín, ẹ̀pa ò bóró mọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ ń mì dirodiro lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fagi lé ìdánwò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé lórí àsẹ́ńbílì. Ipò igbákejì olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí wọ́n ti fẹ́ fi í sí, Ọmọ́yẹni ni wọ́n gbé e fún.

Bàbá Hàlímàt, tó ń tún mọ́tò ṣe nítòsí rélùwéè, kò bú u, kò sì nà án. Ó kàn wò ó títí, ó ní, "Ìwọ náà, Hàlímàt?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn dùn ún ju pàṣán lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìkórìíra ti ń bá a jí, tó ń bá a sùn. Ó sì ti búra nínú ara rẹ̀ pé bí òun ṣe kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, Ọmọ́yẹni náà yóò kúnlẹ̀ tirẹ̀, ì báà pẹ́ títí.

Lẹ́nu ọ̀nà ààfin, àwọn ọmọbìnrin tú ìborùn tí wọ́n mú láti ilé, wọ́n ró o mọ́ ìdí lórí síkẹ́ẹ̀tì wọn. Tíṣà ti kìlọ̀ fún wọn pé ọmọbìnrin tó mọ̀wé kò gbọdọ̀ wọ ààfin bí ẹni tó ń lọ sí ibi eré bọ́ọ̀lù. Ìborùn Ọmọ́yẹni ló dá yàtọ̀ láàárín gbogbo wọn. Àdìrẹ aláró ni, ìyá ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un.

Alhaja Ràfátù ló wá pàdé wọn. Ọmọ ọba ni, tíṣà sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń tọ́jú ọgbà ààfin, òun náà ló sì ń mú àlejò kiri bí Kábíyèsí kò bá sí nílé. Arúgbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò darúgbó.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín," ó fi oríkì Ọ̀fà kí wọn. Ó wá nawọ́ sí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn. "Ìwọ géńdé tó dé fìlà yẹn, ọba kan ṣoṣo ló wà láàfin yìí. Ṣí fìlà, kó má di pé a ń wá olorì fún ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alhaja rí Hàlímàt tí kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó fajú ro yìí ńkọ́? Ta ló gba ẹran ẹnu ẹ?"

"Kò sí nǹkan, mà," Hàlímàt fèsì, ó sì kúnlẹ̀.

"Kò sí nǹkan kì í fajú ro. Wá, máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ mi."

Báyìí ni Hàlímàt ṣe di ẹni tó ń bá Alhaja àti ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n la àgbàlá kan dé òmíràn. Alhaja fi àwọn òpó onígi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ gbẹ́ hàn wọ́n, ó fi ibi tí àwọn ìjòyè ń jókòó sí hàn wọ́n, ó sọ ti àwọn ọba tó jẹ tẹ́lẹ̀ àti ti ogun tó lé àwọn baba wọn kúrò nílé tí wọ́n sì tún padà wá. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn kan tí wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn méjì tó ń jìjàkadì sí, ó dúró.

"Kí ni orò Ọ̀fà?"

"Ìjàkadì!" ni gbogbo wọn pariwo.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ibo ni wọ́n ti gbá ara wọn mú?"

"Iwájú ni, mà," Ọmọ́yẹni dáhùn.

"Iwájú ni. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn mú ọ, kò bá ọ jà, ó kàn ṣe ọ́ níkà ni. Kódà bó dá ọ, kò dá ọ."

Hàlímàt gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó wọlé. Ohun tó ń rò ni pé, ojú wo ni Ọmọ́yẹni fi ń dáhùn ìbéèrè nípa iwájú àti ẹ̀yìn, òun tó ti ẹ̀yìn gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣubú?

Ẹ̀yìn ààfin ni ọgbà wà. Ẹni tó bá ti inú eruku ọyẹ́ bọ́ síbẹ̀ yóò rò pé ìlú mìíràn lòun dé. Mángòrò ńlá wà láàárín, tí òkúta pẹrẹsẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìjókòó. Akòko tí wọ́n fi ń joyè wà níbẹ̀, efinrin wà níbẹ̀, ewúro àti dóńgóyárò kò gbẹ́yìn. Alhaja ń já ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ra á lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọgbà lọ́hùn-ún, ó fi ọ̀pá dá wọn dúró.

"Ẹ má sún mọ́ èyí o. Wèrèpè ni. Ẹ rí èso rẹ̀ yẹn, tó dà bí èèpo ẹ̀wà tó hurun? Irun yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bó bá kan ara ènìyàn, onítọ̀hún lè bọ́ra sí ìhòòhò láàárín ọjà."

"Ẹ ò ṣe gé e dànù, mà?" Hàlímàt béèrè.

"Kí ewúrẹ́ àdúgbò wá fi efinrin mi ṣe oúnjẹ àárọ̀? Ìdí ọgbà ló wà, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe níbẹ̀."

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń lọ. Hàlímàt dúró díẹ̀ sí i, ó tẹjú mọ́ èso náà. Lójú rẹ̀ ló ti rí Ọmọ́yẹni tó dúró níwájú gbogbo ènìyàn, tó ń họra, tó ń jó lórí ẹsẹ̀ kan, tí ìtìjú bò ó. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n jókòó sí abẹ́ mángòrò láti jẹ búrẹ́dì àti àkàrà. Kí epo má bàa ta sí aṣọ, àwọn ọmọbìnrin tú ìborùn, wọ́n gbé wọn kọ́ sórí ẹ̀ka igi tó lọ sílẹ̀. Ọmọ́yẹni tún wá bá Hàlímàt.

"Èmi ni mo máa dúpẹ́ lórúkọ ilé-ìwé tá a bá jẹun tán. Jọ̀ọ́, wá dúró níwájú. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o gbọ́."

Hàlímàt wò ó lójú kòrókòró, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti rọ̀ lọ́kàn rẹ̀.

"Má ṣèyọnu. Iwájú gan-an ni màá wà. Mi ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi."

Bí Ọmọ́yẹni ṣe kúrò níbẹ̀, Hàlímàt gbọn èérún búrẹ́dì kúrò nínú ọ̀rá, ó ti ọwọ́ bọ ọ̀rá náà, ó sì dọ́gbọ́n lọ sí ìdí ọgbà bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Ó já èso wèrèpè. Nígbà tó padà, àwọn yòókù ti lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi. Ó ṣí àdìrẹ aláró náà díẹ̀, ó fi èso ra inú rẹ̀ dáadáa, ó tún un pa pọ̀ bó ṣe wà. Ó ju ọ̀rá sẹ́yìn igi. Ó rò ó pé bóyá ẹ̀rí ọkàn yóò sọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan, àbí ó sọ ọ́ tí kò ráyè gbọ́ ni.

Tíṣà Oyètúndé pàtẹ́wọ́. "Ó yá, ẹ kó ara yín jọ, kí Ọmọ́yẹni dúpẹ́ fún wa."

Àwọn ọmọbìnrin ń mú ìborùn wọn. Ọmọ́yẹni mú tirẹ̀ ní etí. Hàlímàt ń retí kó ró o mọ́ ìdí. Àkókò yẹn gan-an ni Alhaja Ràfátù dé ìdí òkúta pẹrẹsẹ náà, ó rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ jókòó. Eruku ọyẹ́ ti bo òkúta náà.

"Ẹ dúró, mà," ni Ọmọ́yẹni wí. Kò ró ìborùn náà mọ́. Ó sáré, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́ àdìrẹ ìyá rẹ̀ àgbà sórí òkúta fún Alhaja, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń ṣe fún àgbà.

Ẹnu Hàlímàt là. Ó yẹ kó pariwo. "Ẹ má jókòó" kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bó bá pariwo, wọn yóò bi í bó ṣe mọ̀. Ó rò ó, ó tún un rò, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Alhaja ti jókòó.

"Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà rí ẹni tí yóò tẹ́ aṣọ fún ẹ," Alhaja ṣàdúrà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ lórí aṣọ náà, ó sì fi ọwọ́ nu ọrùn.

Ọmọ́yẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ó ní, "Ní orúkọ ilé-ìwé wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ààfin. Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo ní láti sọ níwájú tíṣà wa àti..." Kò sọ ọ́ tán. Alhaja ti dìde fùú. Ó ń họ ọwọ́, ó ń họ ọrùn, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ààfin sáré jáde. Ọrùn arúgbó náà ń wú, omi ń dà lójú rẹ̀.

Tíṣà Oyètúndé fi igi gbé ìborùn náà sókè, ó rí irun wèrèpè tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Ta ló ni aṣọ yìí?"

"Tèmi ni sà, ṣùgbọ́n..."

"Kúnlẹ̀! Ọmọ tí a fi ṣe igbákejì olórí! O wá tẹ́ wèrèpè fún ìyá ààfin?"

Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń sunkún. Ohun tí Hàlímàt gbàdúrà fún láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ló délẹ̀ yìí. Lójú gbogbo ayé ni, ẹ̀sùn tí Ọmọ́yẹni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí fún òun náà. Ó dùn mọ́ ọn. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ ọn gan-an, fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé oyin mì. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ọ̀rá ti ya láìmọ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ̀rọ omi kò jìnnà, ó lè lọ fọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ṣùgbọ́n Alhaja, pẹ̀lú bí ara ṣe ń jó o, ń sọ pé, "Ẹ má na ọmọ yẹn. Ọmọ tó tẹ́ aṣọ fúnni kọ́ ló ń ṣe báyìí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kó sọ̀rọ̀." Àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú. Hàlímàt ní tirẹ̀ wo ilẹ̀. Ìgbà tó rí ilẹ̀ yẹn ló mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ tí Ọmọ́yẹni ń wò lọ́jọ́ ìdánwò ni. Òun náà ti di ohun tí òun kórìíra.

"Èmi ni, mà," ló wí, ó sì kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fi sí i lára aṣọ. Ọmọ́yẹni ni mo fẹ́ ṣe é fún. Ẹ foríjì mí."

"Kí ló ṣe fún ẹ?" Tíṣà béèrè.

"Fóònù ọjọ́ ìdánwò yẹn, òun ló ni ín sà. Ó dákẹ́, wọ́n fi ìyà jẹ mí."

"O tún fẹ́ fi irọ́ yẹn kún un? Ẹni tó lè ṣe irú èyí fún àgbà, kí ni kò lè sọ?"

Alhaja gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọ́yẹni, ṣé òótọ́ ni?"

Ọmọ́yẹni nu ojú rẹ̀. Ó wo Hàlímàt fún ìgbà pípẹ́, orúnkún rẹ̀ ṣì wà nínú eruku. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa fóònù, mà."

Àwọn obìnrin ààfin fi eérú àti epo pupa pa Alhaja lára títí ara fi rọ̀ ọ́. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Alhaja ní kí Hàlímàt dìde, kó lọ fọ ìborùn náà. Ó ń fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ń jó bí iná, nígbà tí Ọmọ́yẹni wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ni ín," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Lónìí ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, lẹ́yìn ìdúpẹ́ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn. O ò jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Sọ ọ́ báyìí. Lọ bá Tíṣà."

"Lẹ́yìn tó o fi wèrèpè sáṣọ ìyá mi àgbà? Mi ò sọ ọ́ mọ́. Mo ti kúnlẹ̀ tèmi. Ó parí."

Ó yíjú padà, ó lọ. Èébú tó wà lẹ́nu Hàlímàt, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá fi bú.

Alhaja ló wá bá a níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ funfun fún eérú.

"Mo gbà ọ́ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ fóònù yẹn," Alhaja wí.

"Ẹ ò ṣe wá sọ fún wọn, mà?"

"Kí ni màá fi sọ ọ́? Ẹjọ́ rẹ jàre. Ọwọ́ rẹ ni àre náà wà. Ìwọ lo fi wèrèpè pa á lára. Ta ni yóò wá fọwọ́ kàn án?"

Nígbà náà ni Hàlímàt sunkún, kì í ṣe nítorí ọwọ́ tó ń jó o.

Ilé-ìwé fẹ́ lé e fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n Alhaja bẹ̀bẹ̀ pé kó máa wá roko ọgbà lọ́jọ́ Sátidé títí tẹ́ẹ̀mù yóò fi parí. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ọ̀kadà gbé e wá. Hàlímàt tún ìborùn náà fọ̀ nílé, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e lọ sílé Ọmọ́yẹni. Ọmọ́yẹni fi ìka méjì gbà á, ó sì sá a sórí okùn.

Hàlímàt kò lọ. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni fóònù yẹn, màá sì máa sọ ọ́ lójú ẹ nígbàkígbà tá a bá pàdé." Ọmọ́yẹni wo ilẹ̀, ó sì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, ìdákẹ́ náà kò mú inú bí Hàlímàt. Ó mọ bó ṣe wúwo tó.

Ní Sátidé kan, ó gbé àdá, ó fẹ́ gé wèrèpè ìdí ọgbà dànù. Alhaja pariwo mọ́ ọn láti abẹ́ mángòrò.

"Fi í sílẹ̀! Ìbínú náà ní ibi tó ń gbé tó fi ń wúlò. Ìdí ọgbà ni, kì í ṣe inú aṣọ."

Hàlímàt fi àdá sílẹ̀, ó padà sídìí efinrin. Bí o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, kó gbá ẹjọ́ rẹ̀ mú láti iwájú bí ọmọ Ọ̀fà, nítorí ẹni tó bá fi ìkà gbẹ̀san ìkà, àre tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ nù.